Àjàní Kò Ní Alárinà: Ọkùnrin Ẹlẹ́nu-Oyin Nínú Fíìmù Ó Le Kú àti Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́ Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò

Bí wọ́n bá ní kí àwọn òǹwòran fíìmù Yorùbá dárúkọ ọ̀dọ́kùnrin kan tí obìnrin kì í wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ tí inú kì í tètè bí ènìyàn sí i, orúkọ Àjàní kò ní í pẹ́ jáde. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé Ó Le Kú ní ọdún 1974. Túndé Kèlání sì sọ ìwé náà di fíìmù lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Mainframe ní ọdún 1997. Yẹmí Ṣódìmú ni ó ṣe Àjàní. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Àjàní ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó kù díẹ̀ kí ó gboyè, ìyá rẹ̀ sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kí ó mú ìyàwó wá sílé. Kì í ṣe pé kò rí ẹni tí yóò mú wá. Àwọn tí ó rí ni ó pọ̀ jù: Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé.

Ìtàn ìfẹ́ ni, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀ dáadáa kí ó tó di ohun tí orúkọ rẹ̀ ń pè é. "Ó le kú" ni Yorùbá máa ń wí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le kọjá ohun tí ẹnu lè ròyìn. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí ń tọ̀ lẹ́yìn kò ṣòro láti sọ: ta ni Àjàní ṣẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni ó nira, nítorí pé bí ènìyàn bá fi òfin ilé àtijọ́ wọn ọ̀rọ̀ náà, Àjàní fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ibi tí ìbéèrè yìí sì ti kan àwọn alààyè jù lónìí kì í ṣe Ìbàdàn àtijọ́ tí fíìmù náà ń fi hàn, bí kò ṣe àwọn àdúgbò tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dá gba yàrá gbé, irú Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Orúkọ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá fún irú ọkùnrin yìí. Alágbèrè, pànṣágà, oníṣìná, oníṣekúṣe: ìdájọ́ ni gbogbo wọn, ìwàásù ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí sì ti mú kí wọ́n le sí i. Ẹni tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀ ti jẹ̀bi tán kí ó tó la ẹnu. Ní apá kejì, olóbìnrin púpọ̀ kò ní ẹ̀gàn nínú. Ipò ọkùnrin nínú ilé rẹ̀ ni ó ń sọ. Àjàní kò sí nínú méjèèjì. Kò tíì ní aya kan, ká má tíì sọ púpọ̀. Ẹni tí ó bá sì pè é ní oníṣekúṣe kò tíì ṣàlàyé ìdí tí òun fi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí Àjàní ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin ẹlẹ́nu-oyin ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni irinṣẹ́ rẹ̀, àwùjọ tí ó bí i sì jẹ́ àwùjọ tí ó ka ọ̀rọ̀ dídùn sí iyì. Ọmọ tí ó mọ oríkì, tí ó mọ òwe, tí ó mọ bí a ti ń pọ́n ènìyàn lé, ilé ni ó ti kọ́ ọ. Ohun tí ọkùnrin yìí fi ń tan obìnrin jẹ ni ohun tí wọ́n fi ń yin ọmọlúàbí.

Àwọn kan máa ń gbèjà rẹ̀ pé kò ṣe ju ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe lọ. Ṣebí ọkùnrin Yorùbá àtijọ́ a máa fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, mẹ́rin? Àwáwí ni èyí, kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nínú ilé olóbìnrin púpọ̀, ìyálé mọ̀ pé òun ni ìyálé, ìyàwó mọ ẹni tí ó ṣáájú òun wọlé, ìdílé méjèèjì sì mọ ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí wọ́n san. Kì í ṣe pé obìnrin fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀; òwe tí ó ní "Òrìṣà jẹ́ kí n pé méjì, obìnrin kò dénú" ti sọ èyí láìfi bọpo bọyọ̀. Ṣùgbọ́n ìrora orogún jẹ́ ìrora ohun tí ojú rí. Ti Àṣàkẹ́ àti Lọlá yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí Àjàní ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ẹlẹ́nì kan ṣoṣo, ìfẹ́ tí ó bá ìwé kíkà, sinimá àti òrùka ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀lú, ó sì ń gbé ayé bí olóbìnrin púpọ̀. Ó mú àǹfààní láti inú àṣà méjèèjì, ó fi ojúṣe méjèèjì sílẹ̀.

Ohun tí ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni pé ẹnì kan ti kúrò láàárín. Nínú ètò ìgbéyàwó ìbílẹ̀, lẹ́yìn ìfojúsóde ni alárinà máa ń wọlé. Òun ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun ni ó ń gbé èsì bọ̀. Ìdílé méjèèjì a ṣe ìwádìí, ọmọbìnrin a jọ́hẹn, lẹ́yìn náà ni ìtọrọ, ìdána àti ìgbéyàwó yóò tẹ̀ lé e. Àwọn ìwé àṣà tí wọ́n ń kà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama a máa to ìgbésẹ̀ wọ̀nyí tẹ̀ léra, akẹ́kọ̀ọ́ a sì há wọn sórí fún ìdánwò láìmọ ohun tí wọ́n wà fún. Alárinà kì í ṣe oníṣẹ́ lásán. Ẹlẹ́rìí ni. Bí ọkùnrin bá sọ fún ọmọbìnrin kan pé òun kò ní ẹlòmíràn, ẹnì kẹta wà tí ó gbọ́ ọ, tí ó mọ ilé ọkùnrin náà, tí ó sì lè lọ bi í léèrè bí ọ̀rọ̀ bá yí padà. Wọ́n ní bí ọkọ àti ìyàwó bá mojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀bá. Ohun tí òwe náà gbà láìjiyàn ni pé alárinà ti kọ́kọ́ wà níbẹ̀.

Eré Wọlé Ṣóyínká tí ó ń jẹ́ The Lion and the Jewel, tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Baroka, Baálẹ̀ Ìlújinlẹ̀, jẹ́ arúgbó olóbìnrin púpọ̀ tí ó tún ń wá kún un. Ó fẹ́ Sidi, arẹwà ìlú, ẹni tí àwòrán rẹ̀ ti jáde nínú ìwé ìròyìn. Ta ni ó rán sí i? Sadiku, ìyálé rẹ̀. Nígbà tí Sidi kọ̀, Baroka purọ́ fún Sadiku pé agbára ọkùnrin òun ti tán. Inú Sadiku dùn, ó ń jó, ó gbé ìròyìn náà tọ Sidi lọ. Sidi sì dìde pé òun ń lọ fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́; ibẹ̀ ni ó há sí. Ẹ̀tàn ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín bo èyí mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí wọ́n ń ṣe eré náà ti sábà máa ń ṣe. Síbẹ̀, ẹ wo ọ̀nà tí ẹ̀tàn náà gbà: ó gba ẹnu ìyálé kọjá, ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ó sì parí sí ìgbéyàwó ní gbangba. Baroka kò lè ṣe é láìsí alárinà, nítorí náà ni ó fi kọ́kọ́ tan alárinà pàápàá jẹ. Àjàní kò nílò irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Lákúnlé náà wà nínú eré yẹn, olùkọ́ tí ó ń kéde ìfẹ́ ẹlẹ́nì kan tí kò sì fẹ́ san owó orí. Bí ènìyàn bá fi ẹnu Lákúnlé sí orí ọrùn Baroka, Àjàní ni yóò rí.

Ọ̀rọ̀ kejì wà nínú ohun tí òfin àtijọ́ kà sí ẹ̀ṣẹ̀. Kèlání fúnra rẹ̀ tún padà sí i ní ọdún 2001 nínú fíìmù Thunderbolt: Mágùn, níbi tí Yínká, ọkùnrin Yorùbá, ti fura sí Ngozi, ìyàwó rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ Ìgbò, tí wọ́n sì fi mágùn sí obìnrin náà lára. Ọkùnrin tí ó bá bá aya aláya sùn ni wọ́n ní mágùn ń mú, ṣùgbọ́n ara obìnrin ni wọ́n ń dẹ ẹ́ sí, ẹni tí wọ́n sì ń dẹ ẹ́ fún ni ọkọ. Ọmọge tí kò tíì sí nílé ọkọ kò sí nínú ìṣirò yìí. Bí wọ́n bá tan án jẹ, bàbá rẹ̀ lè bínú, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lè gba ohun tí ó san padà. Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé kì í ṣe aya ẹnikẹ́ni. Bí Àjàní bá ṣẹ̀, àwọn gan-an ni ó ṣẹ̀, kò sì sí àga tí ètò àtijọ́ tẹ́ kalẹ̀ fún obìnrin tí ó wá sọ pé òun fúnra òun ni wọ́n ṣẹ̀. Fíìmù Ó Le Kú ṣe pàtàkì nítorí pé ó jẹ́ kí òǹwòran jókòó ti àwọn obìnrin wọ̀nyí pẹ́ tó láti rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí òfin àtijọ́ kò kà kún.

Ó yẹ kí a sọ ohun kan fún Ìbàdàn ìgbà náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948 ni yunifásítì yẹn ti ń fi ilé gbé akẹ́kọ̀ọ́ inú ọgbà: Mellanby, Tedder àti Kuti fún ọkùnrin, Queen Elizabeth fún obìnrin. Pọ́tà wà lẹ́nu ọ̀nà, alábàágbé wà nínú yàrá, àwọn ọ̀rẹ́ sì mọ ẹni tí ó wá kí ta ni. Ènìyàn kò lè pe pọ́tà ní alárinà, ṣùgbọ́n ojú kan wà tí ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹlẹ́nu-oyin tí ó bá fẹ́ kó obìnrin mẹ́ta jọ nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ka ọjọ́, kí ó máa ka wákàtí.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LASU, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1983, nígbà ìjọba Gómìnà Lateef Jakande, ni wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n sì fi olú ọgbà rẹ̀ sí Ọ̀jọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbé inú ọgbà. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà nítòsí a máa ti ilé wá. Àwọn yòókù a wá yàrá gbà káàkiri Ìyànà-Ìbà, Ìbà àti Okokomáíkò. Jakande yìí kan náà kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn ni ó ní lọ́kàn. Àwọn Àwórì ni wọ́n ni ilẹ̀: Ọlọ́jọ́ wà ní Ọ̀jọ́, Oníbà wà ní Ìbà. Ṣùgbọ́n bárékè ológun, ọjà Alábà, yunifásítì àti títì tí ó lọ sí Àgbádárìgì ti kó oríṣiríṣi ènìyàn jọ síbẹ̀, débi pé ẹni tí ó gba yàrá lónìí lè má mọ ẹnikẹ́ni nínú ilé tí ó gbà á sí, kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ má sì mọ ìdílé tí ó ti wá.

Nínú yàrá yìí ni Àjàní òde òní ń gbé. Ohun tí onílé kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí owó ilé yóò wọlé. Owó ilé náà kì í ṣe kékeré, èjẹ́ńtì sì ti gba tirẹ̀. Nítorí náà ni ó fi di àṣà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin àti obìnrin máa gbé yàrá kan náà bí tọkọtaya, kí wọ́n jọ máa se oúnjẹ, kí wọ́n jọ máa san owó iná. Àwọn àgbàlagbà a máa fi ojú ìwà ìbàjẹ́ nìkan wo èyí. Wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ owó. Ọmọbìnrin tí ó kó wọ yàrá ọkùnrin ní Okokomáíkò ti fi owó yàrá tirẹ̀ sínú ilé yẹn. Bí ó bá wá hàn pé obìnrin mìíràn wà ní Ìbà, tí ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ dídùn kan náà, ẹni tí yóò gbé àpótí jáde láàárín sáà ẹ̀kọ́ ni òun, nítorí pé orúkọ ọkùnrin ni ó wà lórí ìwé owó ilé. Kò sí ìdána tí wọ́n lè dá padà. Kò sí ìdílé tí yóò jókòó sí i. Àwọn òbí rẹ̀ pàápàá lè má mọ̀ pé ó ti kó kúrò ní ibi tí wọ́n mú un dé sí.

Láti Okokomáíkò sí Ìbà kò jìnnà, dánfó kan tàbí kẹ̀kẹ́ Marúwá kan ni, ṣùgbọ́n ó jìnnà tó fún obìnrin méjì láti máà mọ ara wọn. Lẹ́tà ìfẹ́ ti ìgbà Àjàní máa ń pẹ́ kí ó tó dé, ó sì lè ṣèèṣì bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í pẹ́, ọ̀nà tí wọ́n sì fi ń pa á rẹ́ kò ṣòro. Èyí kò sọ pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin LASU burú ju ti Ìbàdàn lọ. Ibi tí wọ́n ń gbé ni kò ní ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ń ṣọ́.

Bí alárinà ti lọ tán, òfófó ni ó kù. Alábàágbé, ọmọ kíláàsì, obìnrin tí ó ń ta oúnjẹ níwájú ilé: àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń rí ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí ó jáde. Àṣà Yorùbá kórìíra olófòófó, ó sì ní ìdí tí ó fi kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù ìfẹ́ aláwàdà, olófòófó ni ó máa ń tú àṣírí ẹlẹ́nu-oyin, ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu òǹwòran. Ẹ̀rín náà ju ẹ̀rín lọ: ara ń tu òǹwòran pé ẹlẹ́rìí kan padà wá yọjú.

Fíìmù Kèlání kò ṣàjèjì sí àdúgbò yìí. Ọjà Alábà, ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀, di ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti ń ta fíìmù jù ní Nàìjíríà, láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì fídíò títí dé ìgbà dísìkì, ojúlówó àti àdàkọ tí kò gbàṣẹ pọ̀. Kèlání ti pariwo lórí àdàkọ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Fíìmù tí ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tàn ń ti ọwọ́ ẹlẹ́tàn bọ́ sí ọwọ́ òǹwòran.

Àwọn fíìmù tí ó tẹ̀ lé e ti mú ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2016, àjọ̀dún fíìmù Toronto ya apá kan sọ́tọ̀ fún ìlú Èkó, ó sì mú fíìmù mẹ́jọ. Méjì nínú wọn kan ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Okafor's Law ti Omoni Oboli, Chuks, tí Blossom Chukwujekwu ṣe, fẹ́ fi hàn pé ọkùnrin lè padà sọ́dọ̀ obìnrin tí ó ti ní rí nígbàkígbà, obìnrin mẹ́ta ni ó sì fẹ́ fi dán an wò. Mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú The Wedding Party ti Kemi Adétiba, Dozie, tí Banky W. ṣe, ti fi obìnrin ṣeré tẹ́lẹ̀, ó wá fẹ́ gbé Dúnní níyàwó. Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ àtijọ́ yọjú. Èkejì yìí ni ó wúlò jù fún ohun tí à ń sọ. Inú gbọ̀ngàn àríyá ni ìjà ti ṣẹlẹ̀, níṣojú bàbá, ìyá, ẹbí ọkọ, ẹbí ìyàwó, alásè àti olórin. Gbogbo ayé jẹ́ alárinà. Nítorí náà ni fíìmù náà fi lè fi ẹ̀rín àti ijó parí. Ó Le Kú kò ní irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá gbọ́ tirẹ̀.

Ní kíláàsì, ìkìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ìwé náà ṣe: kí ó kọjú mọ́ ìwé rẹ̀, kí ó jáwọ́ nínú ìṣekúṣe. Kíkà bẹ́ẹ̀ kò já gaara. Ó di gbogbo ẹ̀bi ru ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ Àjàní, ó sì fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbẹ́jọ́. Ìyá yìí ni ó ń béèrè ìyàwó kí oyè tó dé. Ó fẹ́ èso ètò àtijọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú ọgbà yunifásítì láti ṣe iṣẹ́ tí ètò náà ń ṣe. Kò rán alárinà, kò ṣe ìwádìí, ọjọ́ ni ó dá. Àjàní sì di ẹni tí ó ń fi ìkánjú yan aya láàárín àwọn tí ó ti fi ẹnu dídùn kó jọ. Ọ̀pọ̀ òbí tí ọmọ wọn wà ní Ọ̀jọ́ lónìí ń bi ọmọ wọn ní irú ìbéèrè yìí lórí fóònù, wọn kò sì mọ àwọ̀ ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ náà ń gbé.

Ohun tí àwọn òǹwòran mú jáde nínú fíìmù náà ní ọdún 1997 tún yàtọ̀ sí ìkìlọ̀ kíláàsì pátápátá. Aṣọ ni wọ́n mú. Kèlání wọ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ní bùbá àti ìró kúkúrú tí ó mọ ní orúnkún, bí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ ní ìgbà tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ pé irú rẹ̀ ni àwọn fẹ́, orúkọ fíìmù sì di orúkọ aṣọ: olékú. Aṣọ náà ti pẹ́ ju kásẹ́ẹ̀tì fídíò lọ. Bí ọmọbìnrin kan ní Okokomáíkò bá fẹ́ lọ sí àríyá, tí ó na áńkárá sí télọ̀ tí ó sì ní olékú ni kí ó bá òun rán, télọ̀ kò ní béèrè ẹni tí ń jẹ́ Àṣàkẹ́ tàbí Lọlá. Yóò wọn orúnkún, yóò bèèrè ọjọ́ tí ó fẹ́ gbà á, yóò sì kọ orúkọ aṣọ náà sínú ìwé rẹ̀.